Máàpù Tí Mo Fi Orí Yà

Kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní máàpù láyé yìí, ọ̀gá fọkanáísà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀kọ́ Ìbágbépọ̀ Àwùjọ nílé ìwé òkè yẹn, nóòtù kan náà ni, ewé rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amusìgá, mi ò sì ṣí i wò mọ́, gbogbo rẹ̀ ti wọ orí. Wọ́n wá ní kí èmi wá jókòó ọjọ́ mẹ́ta fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èmi! Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ, etí yín ni mo fẹ́ yá.

Ìríra gbáà ni. Wọ́n lẹ bébà mọ́ mi láyà, wọ́n kọ orúkọ mi sí i bí ẹrù tó ń lọ sídàálẹ̀. Bisikíìtì tó ti rọ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọbìnrin tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́, àbíkẹ́yìn mi dàgbà jù ú lọ, ó ní ká dìde, ká gbọn apá, ká gbọn ẹsẹ̀, kí oorun lè dá lójú wa. Ẹsẹ̀ tí làkúrègbé ń jẹ lọ́wọ́! Ọ̀gá ilé ìwé wa jókòó sẹ́yìn, ó ń wò wá. Òun náà ni yóò yan olórí ẹ̀ka wa tuntun. Èmi ló kàn. Ta ni ì bá tún kàn?

Ọjọ́ kejì, ọmọ yìí ní kí kálukú fi orí ya máàpù àdúgbò ilé ìwé wa. Àwọn yòókù ṣì ń gé èékánná jẹ, èmi ti parí. Mo wá sọ ọ́ sókè, kí ọ̀gá lè gbọ́, pé bí ẹnikẹ́ni bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀, kí wọ́n gbé ipò náà fún ẹlòmíràn. Ẹnu èmi náà ni, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ò bú mi. Ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi máàpù yín mú wa dé ilé ìfìwéránṣẹ́."

Ogójì olùkọ́ tò tẹ̀ lé mi nínú oòrùn. Mo yà sọ́tùn-ún ní oríta, mo ka òpó iná méjì, mo dúró. Níwájú ta ni? Níwájú yín! Ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ẹ sì kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ẹ ní ṣé táyà tún ti jò ni, tíṣà. Ọdún kẹwàá rèé tí wọ́n ti wó ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ìsọ̀ yín sì ti gba ojú ibẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń jókòó lórí bẹ́ńṣì yín níbí, tí ẹ ń lẹ táyà mi, tí mo sì ń padà lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra sítáǹbù. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ẹ ní mi ò bi yín. Ó dáa.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ radaràda. Tíṣà kékeré tó jókòó tì mí ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka, òun ló sì ní kí n tún máàpù yẹn yà kó tó di ọjọ́ Ajé, ó ní, "Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín o, sà."

Ẹ bá mi di etí okùn ìwọ̀n yìí mú. Láti ẹnu ìsọ̀ yín dé títì, mítà mélòó lẹ pè é? Ẹ rọra tún un sọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.