Bàálù Tó Balẹ̀ Sóko Iṣu

Tọkọtaya àgbàlagbà kan jókòó níwájú mi nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Adó lọ sí Ìgèdè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bàálù kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lókè, tó wá balẹ̀ sínú oko iṣu wọn.

"Ebè tó fọ́ kò dùn mí," ni bàbá wí. "Ìyẹn ṣeé kọ padà. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ Yorùbá ni awakọ̀ rẹ̀, ó wọ oko olóko, kò kí wa. Ẹni tó ń kọjá lọ lásán ń kí àgbẹ̀ kú iṣẹ́!"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, níbo lẹ wà tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé kò kí wa?"

"Mo wà lórí ebè mi."

"Ọkọ́ yín ló wà lórí ebè, òun àti fìlà yín. Ẹ̀yin ti ń sáré lọ sí ulé kí bàálù tó kanlẹ̀."

"Mo fẹ́ lọ pe èèyàn wá ni."

"Ẹ ò ṣáà pe èmi tí orúnkún ń dùn kẹ́ ẹ tó lọ."

Bàbá kọjú sí fèrèsé. Ìyá bá a tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ yẹn jáde nínú bàálù. Ó jókòó sórí ebè, ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.' Mo ní, 'O ṣeun, ọmọ mi. Ọkọ mi náà ní o kú ewu.'"