Ọ̀rọ̀ Ìyá Abọ́dúndé Tí Mo Yí Padà Níwájú Àwọn Aṣòfin

Ẹ̀yin ará mi ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí mo ti ń kọ́ ní àdúrà láti ogún ọdún wá, ẹ má ṣe tíì máa sunkún mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹsẹ̀ mi ti wú dé orúnkún, dókítà kò sì fi pamọ́ fún mi pé ọjọ́ mi kò pọ̀ mọ́. Mo ti jẹ́wọ́ fún fáda, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú agbo ni mo ti pa irọ́ náà, ojú agbo náà ni òtítọ́ yóò ti jáde. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Èmi ni mo ń bínú sí jù, ṣùgbọ́n ìbínú náà pọ̀ tó láti kan àwọn mìíràn.

Ẹ ó rántí ọdún 1964, nígbà tí ìjọba gbé owó kalẹ̀ láti gbin igbó tuntun sí abúlé Kpulu. Rogatien Ọláníyì ni olórí iṣẹ́ náà, èmi sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ṣe dùn létí: ẹbí tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ fún igbó yóò gba káàdì kan, arúgbó tàbí aláìsàn inú ilé náà yóò sì máa wọ káà ìjọba, ọkọ̀ gígùn tó ń kọjá ní Ìkpinlẹ̀, lọ sí ọsibítù Pọ̀bẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni méjì péré ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ́fẹ̀ẹ́ nínú káà kan. Ìyábùnmi, opó Àlàgbé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Abọ́dúndé, yọ̀ǹda oko ọ̀pẹ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti gé ọ̀pẹ wọ̀nyẹn lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rìn wá sọ́dọ̀ mi fún káàdì, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì dá a lóhùn pé, "Ìyá, ó ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba ní Àjàṣẹ́." Irọ́ ni. Káàdì ti dé tipẹ́. Rogatien ti gbà á fún Cécile ìyàwó rẹ̀, tó ń kó gaàrí lọ tà ní Pọ̀bẹ́, èmi tí mò ń kọ́ yín ní òfin Ọlọ́run ni mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Cécile jẹ́ ọmọ ilé Àlàgbé, pé aláìsàn ni. Kí ni mo gbà níbẹ̀? Rogatien ní òun yóò wá ààyè fún Marcellin ọmọ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Àjàṣẹ́. Ohun tí mo gbà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Abọ́dúndé ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún obìnrin yìí. Abọ́dúndé rọbí fún ọjọ́ méjì, ọmọ kò wá. Wọ́n gbé e dé etí títì ní Ìkpinlẹ̀, káà dé, agbowó ọkọ̀ sì yọjú. "Mama, káàdì dà?" "Ó wà ní Àjàṣẹ́, ọmọ mi." "Ẹ jẹ́ kí Àjàṣẹ́ wá gbé yín nígbà náà! Ààyè ọ̀fẹ́ ti kún." Wọn kò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́. Ta ló sì jókòó sí ààyè ọ̀fẹ́ náà pẹ̀lú àpò gaàrí mẹ́rin? Cécile ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Olùkọ́, mo kàn ń wo ẹsẹ̀ mi ni. Ẹ fẹ́ kí n da gaàrí mi nù?" Wọ́n gbé Abọ́dúndé sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń tì í lọ. Òun àti ọmọ inú rẹ̀ kú kí wọ́n tó dé Pọ̀bẹ́. Mo gbọ́ ọ, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọrin bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Irú ọ̀fun wo ni mo ní?

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin mẹ́ta wá láti yẹ ìlànà káà ọ̀fẹ́ náà wò, kí wọ́n sì wo ohun tí a fi owó igbó ṣe. Igbó wo? Ọ̀dá ti pa gbogbo ohun tí a gbìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti Rogatien gé ẹ̀ka igi tẹ́ẹ̀kì, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn àlejò sì kọjá kí ewé tó rọ. Wọ́n ní a kú iṣẹ́. Ará ìhà Àríwá ni wọ́n, wọn kò gbọ́ èdè wa. Ní gbogbo Kpulu lọ́jọ́ náà, èmi àti Rogatien nìkan la gbọ́ Faransé, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀.

A jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Rogatien rọra sọ sí mi létí pé, "Bí káàdì yẹn bá jáde síta, ìwọ ló kọ ọ́ o." Ìyá Abọ́dúndé dìde. Ẹ mọ àṣà wa: obìnrin tí wọ́n bá ṣẹ̀ a máa tú gèlè rẹ̀, a tẹ́ ẹ síwájú àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó tú gèlè dúdú tó fi ń ṣọ̀fọ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ gba ọ̀pẹ mi, ẹ kò fún mi ní káàdì. Káà fi ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó kú. Ta ló jókòó sí ààyè rẹ̀?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo la ẹnu, mo sọ fún àwọn aṣòfin pé obìnrin yìí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Pé káà ọ̀fẹ́ ti gba ọmọ rẹ̀ là. Pé gèlè yìí ni ẹ̀bùn tí àwọn obìnrin wa fi ń yẹ́ àlejò pàtàkì sí. Olórí wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú gèlè ọ̀fọ̀ náà nílẹ̀, ó wé e mọ́ ọrùn, àwọn méjì yòókù sì pàtẹ́wọ́.

Ìyá wò mí. "Olùkọ́, ṣé ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi kú?"

"Mo sọ ọ́, ìyá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó ní, "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òkú ọmọ mi," ó sì fi orí ìhòòhò lọ sílé. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ̀yin tí ẹ wá yẹ òfin wò tí ẹ kò yẹ ojú ènìyàn wò, omijé ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà! Ṣé omijé náà nílò ògbufọ̀ ni? Wọ́n padà lọ kọ̀wé pé ìlànà wa dára, pé kí wọ́n fi owó kún owó igbó. Ìjọba sì gba ilẹ̀ ní abúlé Masẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn sójà tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, kò wá sí ẹni tí mo lè kọ̀wé sí láti tún un sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Kpulu. Ìyá Abọ́dúndé ń bó ẹ̀gẹ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn aṣòfin yẹn kò gbọ́ ọ nígbà náà. Ọdún méje ni mo fi ń ṣépè fún ẹni tí kò gbọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Sọ ọ́ ní Faransé yẹn báyìí, bó ṣe yẹ kí o sọ ọ́." Mo sọ ọ́. Ó tẹ́tí títí mo fi dákẹ́.

"Ó tán?"

"Ó tán, ìyá."

"Ó mà kúrú o, Olùkọ́."

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Kò ní òun dárí jì mí, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sì lọ fi ẹ̀bẹ̀ dà á láàmú nítorí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ èdè ìjọba, ìyá ẹlòmíràn yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé yín lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe wí i, bí yóò bá tilẹ̀ ba ilé yín jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn òkú ní Mísà, ẹ kọ́kọ́ pe Abọ́dúndé ọmọ Àlàgbé, kí ẹ pè é sókè, kí gbogbo ìjọ gbọ́, kí ẹ tó pe tèmi.