Irun Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gé

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, Ráfíù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á gbé àpótí síta, á ní, "Bàbá, ẹ wá jókòó kí n fárí yín, ọ̀la ni Jímọ̀." Á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ orí mi, á wá máa fá a jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ló ń pa mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ fi ojú àánú wò mí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

Kẹ́ ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Mi ò kàwé. Ìwé kejì ni mo ti gba ojú fèrèsé jáde, tíṣà ń pè mí, mi ò wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní Jọ́ọ̀sì, ẹ bi mí ní Màídúgùrì, ẹ bi mí ní gbogbo ibi tí mọ́tò ń dé lókè Ọya. Mo gbọ́ Haúsá débi pé àwọn Haúsá ń bi mí pé ta ni bàbá mi. Kò sí gáréèjì tí mo sọ̀ sí tí wọn ò ní mọ orúkọ mi kílẹ̀ tó ṣú. Ẹsẹ̀ ni Ọlọ́run fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi Sálíù, ọwọ́ ni Ó fún òun.

Onígbàjámọ̀ ni Sálíù, ní Gàmbàrí ní Ìlọrin, lábẹ́ igi dongoyárò kan tí ò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, á ti jókòó síbẹ̀, á máa pọ́n abẹ lára awọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí ládùúgbò, òun ló ń fá irun rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin, kì í pariwo, kì í jẹun kí ìyá wa tó jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Orí Sálíù, èmi ni mo ń fá a, Àlàmísì dé Àlàmísì. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, ọwọ́ mi sì yá ju tiẹ̀ lọ, òun náà mọ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fi abẹ kan òun.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo ní mò ń lọ sí Jọ́ọ̀sì, pé mọ́tò ara mi ni n ó gbé wálé. Mo fá a lórí lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí yìí o. Kó tó kún, mo ti dé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bó bá wá kún ńkọ́, oníyangàn?"

"Á jẹ́ pé mo ti kú nìyẹn. Kẹ́ ẹ fá a, kẹ́ ẹ máa ṣọ̀fọ̀ mi."

Ẹnu lásán ni tèmi. Sálíù ò mọ ẹnu lásán. Irun náà kún, kò fá a. Ó di igbó, kò fá a. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, alfa bá a sọ̀rọ̀, ó ní bí òun bá fá a, òun ti pa àbúrò òun nìyẹn. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Baba Ráfíù, ṣé ẹ tún ti ń ta irun ni?" Ta ló fẹ́ kí onígbàjámọ̀ tó ń ru igbó fá òun lórí? Ẹnì kan wá gbé klípà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gẹrun, sí òdìkejì ọ̀nà, gbogbo wọn yà síbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe di ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ rin oko dé oko lọ́jọ́ ọjà nìyẹn, tó ń fárí àgbẹ̀ kọ́mọ lè jẹun.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ni. Búrẹ́mọ̀ aládùúgbò wa, tó ń wa mọ́tò tó ń kó obì lọ sókè Ọya, bá mi ní gáréèjì Jọ́ọ̀sì láàárín ọ̀rẹ́. Ó rò ó fún mi látòkè délẹ̀, ó ní kí n jẹ́ ká jọ padà lọ́la. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ò rí i pé Ìlọrin ò lè ṣe láìsí mi? Sọ fún un kó dì í ní ṣùkú." Gáréèjì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ṣòkòtò kan ni mo ní. Mọ́tò tí mo fi ṣèlérí, kódà táyà rẹ̀ mi ò ní. Ojú ń tì mí, mo wá fi ẹ̀rín bò ó.

Pọ́n-ùn ni à ń ná nígbà tí mo lọ, náírà ni mo bá nílé. Mo bá Sálíù lábẹ́ dongoyárò, fìlà ńlá lórí. Ó dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó wá bi mí pé, "Ṣé Búrẹ́mọ̀ rí ẹ ní Jọ́ọ̀sì?"

Mo ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Wàláhì, mi ò fojú kàn án."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa. Abẹ wà nínú àpótí." Ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba. Irun náà ti funfun. Omi ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi rẹ ẹ́ kó tó gbà. Lábẹ́ rẹ̀, orí tí mo mọ̀ ti kéré.

Látọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ bú mi, Sálíù á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni." Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ó kú. Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, Búrẹ́mọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mo jíṣẹ́ rẹ fún un lọ́sẹ̀ tí mo dé. Ti ṣùkú yẹn, bó o ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ará ilé gbọ́."

Ó ti mọ̀. Nígbà tó bi mí léèrè, ó ti mọ̀. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi kí n gbà wọlé, mo fi Wàláhì tì í. Ó sì tún tẹ orí ba fún abẹ mi.

Búrẹ́mọ̀ náà ti kú. Ó ku èmi nìkan. Ráfíù sì ń sọ fún àwọn tó bá ń dúró de abẹ rẹ̀ pé, "Bí iṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá yìí ni, ẹsẹ̀ ni wọn ì bá fi rìn wálé." Èmi á tẹ orí ba. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un, kí ọwọ́ tó ń fá mi jẹ́jẹ́ yìí kọ̀ mí ni, àbí kí n gbé àṣírí yìí wọ sàréè, kí n lọ tún purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀? Ẹ má pẹ́ o. Ọ̀túnla ni Àlàmísì.