Wúfà Inú Búùtù Alhaji

Ní ibùdókọ̀ Benson, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ṣe rédíò mọ́tò, mo gbọ́ tí Alhaji àgbàlagbà kan ń fìbínú bá a sọ̀rọ̀.

"Mo ní etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́, kí o bá mi tún rédíò tó bá mọ́tò wá ṣe, kí n lè máa gbọ́ wáàsí. O wá gbé wúfà ràgàjì, sípíkà tó ń dún kìkì bí ìlù, sí mi ní búùtù!"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó dún, sà?"

"Ọ̀rọ̀ ni mo ní mo fẹ́ gbọ́! Bí Ààfáà bá ti lanu báyìí, gbì-gbì-gbì ni!"

"Ẹ yí i wálẹ̀ díẹ̀, sà."

"Yí kí ni wálẹ̀? Lánàá, kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ikú ni mo gbé sí i wọ Ìjẹ̀dé. Ààfáà ń ṣàlàyé ìyà inú sàréè, àwọn ọmọ àdúgbò ń jó tẹ̀lé mọ́tò mi!"