Ibi Tí Ishaq Ní Ó Jìnà

Bàbá Fàsásì, ẹ dákun, ẹ má tíì bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé Ishaq ló rán yín, mo sì mọ̀ pé pálọ̀ yín ló jókòó sí láti àná tó ti Dubai dé, tí ò lè wá kí ìyá ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọ̀rọ̀ yín kì í bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi ná.

Nígbà tí àìsàn dá Sìdí ọmọ mi wó ní Muscat nílẹ̀ Lárúbáwá, níbi tó ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ, ta ni mo kọ́kọ́ pè? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ni. Mo ní, "Ishaq, ìwọ lo wà lọ́hùn-ún, lọ bá mi wo àbúrò rẹ." Ó ní, "Màámi, ẹ ò mọ̀ ni, Dubai sí Muscat jìnà gan-an, ìlú ọ̀tọ̀ ni." Èmi tí mi ò kọjá Ìlọrin rí, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbà á gbọ́. Ọmọ mi ni, àbí n ó ní ó ń purọ́?

Èyí tó ń pa mí nìyí. Sìdí pè mí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ní, "Màámi, Bùrọ̀dá Ishaq ń kọ́?" Ẹnu èmi yìí náà ni mo fi ní, "Má bínú sí i, ibi tó wà jìnà sí ọ." Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, ó jìnà." Ìyẹn lohùn ẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn kó tó kú.

Qúdrát tí wọ́n jọ ń gbé lọ́hùn-ún ló kó ẹrù ẹ̀ wá fún mi ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́sí. Mo ń sunkún, mo ní ọ̀nà tó jìnà ni ò jẹ́ kí ọmọ ìyá ẹ̀ rí i sin. Ọmọ yẹn ń wò mí. Ó ní, "Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Láti Dubai sí Muscat, bàálù ò lò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì." Bàbá Fàsásì, wákàtí kan. Mọ́tò tó gbéra ní Ìwó Road ò tíì ní dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Qúdrát ní Sìdí gan-an mọ̀. Ó bẹ Qúdrát kó bá òun dirun, kí ẹ̀gbọ́n òun má baà bá òun ní játijàti. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, á gbórí sókè. Ìgbà tó bá mi sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù ló ní kí wọ́n yí òun padà, kí òun kọjú sógiri. Ọmọ mi mọ̀ pé kò jìnà, ó wá bá mi pe irọ́ ọ̀hún lóòótọ́, torí kí n má baà mọ irú ọmọ tí mo bí.

Ẹ ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó ráyè? Kó ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ǹ bá ti mọ ohun tí n ó sọ fún ọmọ mi.

Mi ò ní ṣépè fún un. Ọmú kan náà ni wọ́n mu. Ẹ ṣáà ní kó má tíì wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Kó padà síbi tó ti wá, kó wọ bàálù yẹn, kó wá ibi tí wọ́n sin àbúrò ẹ̀ sí, kó ṣe àdúà fún un. Tó bá débẹ̀, kó pè mí, kó gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kó sì sún sẹ́yìn. Mo fẹ́ sọ fún Sìdí pé mi ò mọ̀ ni.