Òǹtẹ̀ Vincent Lára Ìwé Mọ́tò Bàbá Ìjọ

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Dókítà ti ní kí n máa lọ sílé, ohun tó ní lọ́kàn sì yé mi. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi láti ọdún 1969, n kò ní gbé e wọ sàréè. Ẹ ń pè mí ní Alàgbà Jethro, olóòótọ́ èèyàn. Irọ́ ni. Olè sàn jù mí lọ.

Ẹ rántí mọ́tò dúdú ńlá tí olóògbé Gbádégẹṣin, Bàbá Ìjọ wa, fi èrè epo pupa rà. Nínú ìjọ yìí, mọ́tò tuntun kì í lọ ibì kankan tí kò bá tíì gba àdúrà ọjọ́ méje nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta la bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ abẹ́là, mo sì gba àyè níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, akọ̀wé láísẹ́ńsì mọ́tò ni mí l'Ókìtìpupa. Mo ti ka ìwé ìjọba: mọ́tò olówó ńlá tí kò bá gba láísẹ́ńsì kí oṣù kẹta tó parí, ìlọ́po mẹ́rin owó àtijọ́ ni yóò máa san lọ́dọọdún. Mo ka ọjọ́ lórí ìka, mo rí i pé àdúrà yóò ré kọjá. Mo panu mọ́. Ta ni yóò sọ fún wòlíì tó ń darí àdúrà pé kó gé e kù nítorí ìjọba? Ojo ni mí.

Nígbà tí àdúrà parí, tí Bàbá gbọ́ iye tuntun, ó fọwọ́ lérán. Ó ní, "Jethro, iwájú Ọlọ́run ni mọ́tò wà, ìwọ náà sì wà níbẹ̀. Wá nǹkan ṣe sí i."

Mo wá nǹkan ṣe. Mo kọ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta sórí ìwé. Akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, tèmi kò sì ṣeé lò, torí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Vincent, akọ̀wé bíi tèmi, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ló lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìrẹ̀lẹ̀, kò sì tíì dé nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo mú òǹtẹ̀ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni Vincent o. N kò láya, n kò lọ́mọ. Òun nìkan ló máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun.

Kò pé oṣù méjì, àwọn tó ń yẹ ìwé wò dé láti Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé oṣù kẹrin ni wọ́n tó gbé mọ́tò náà wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n mú Vincent. Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé pùpúrù àti ọbẹ̀ ẹja wá bá mi nílé. Ó ní, "Bọ̀dá Jethro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ́rìí. Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ mi." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo jẹ pùpúrù yẹn tán, mo tún lá ọwọ́. Ní kóòtù, Vincent yíjú sí mi, ó ní, "Jethro, sọ fún wọn pé n kò rí mọ́tò yẹn rí." Adájọ́ bi mí pé òǹtẹ̀ ta ni. Mo ní, "Ti Vincent ni, olúwa mi." Ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án.

Nígbà tó jáde, iṣẹ́ ti lọ, ó gba etí omi lọ, ó ń wa ọkọ̀ ojú omi fún àwọn ará Àrògbò. Láti ìgbà náà, mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kàn án. Vincent ni. Ó gbọ́ pé ara mi kò yá. Ó jókòó tì mí, ó bu omi fún mi, kò béèrè ohunkóhun. Títí ó fi dìde, n kò jẹ́wọ́ fún un. Mo jẹ́ kó lọ. Ìyẹn burú ju ti kóòtù lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ bá mi wá ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ lọ mú un wá. Bí ẹ bá bá mi láyé, kí òun nìkan wọlé, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Bí mo bá ti kú, ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé mo tọrọ àforíjì. Ẹ kó gbogbo Òkìtìpupa jọ, kí ẹ sọ ọ́ sókè níṣojú rẹ̀ pé Jethro ló ṣe é.