Ìgò Tí Mo Fi Wọn Omi Bàrákátù

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn. Àlàbí ọmọ mi, jókòó. Màsúdát, ìyàwó rẹ̀, ìwọ sún mọ́ mi, torí ìwọ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, mi ò mọ ohun tí mo máa wí fún Ọlọ́run.

Ẹ rántí ọdún tí ìgbẹ́ gbuuru ń da àwọn ọmọ àdúgbò láàmú. Màsúdát gbé Bàrákátù, àkọ́bí rẹ̀, lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Modúpẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀: ṣíbí kékeré iyọ̀ kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá, omi tó ti hó tó sì ti tutù, kún ìgò ọtí bíà kan. Ìgò ọtí! Nínú ilé ọkọ mi tó jẹ́ Alfa! Màsúdát fọ irú ìgò ọ̀hún, ó gbé e wọlé, mo pariwo mọ́ ọn: "Àsítágáfúrúláhì! Ṣé ọtí lo fẹ́ fún ọmọ ọmọ mi mu?"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ká fi wọn omi lásán ni. Nọ́ọ̀sì ní bí a ò bá fẹ́ ti ọtí, ìgò míńírà méjì ló ṣe déédéé rẹ̀."

Mo gbọ́ méjì yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti ń fura sí nọ́ọ̀sì yẹn. Ọmọdé tí kò tíì bímọ, òun ló fẹ́ kọ́ mi ní ọmọ títọ́? Asabe ọ̀rẹ́ mi, tá a jọ ń lọ sí àsàlátù, bí ọmọ rẹpẹtẹ, ó sì ti sọ fún mi pé omi ló ń mú ìgbẹ́ ṣàn, iyọ̀ ló ń dì í. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Màsúdát po tirẹ̀, ó jáde lọ fọ aṣọ ọmọ. Mo da omi rẹ̀ nù. Mo bu omi ìgò míńírà kan ṣoṣo, mo da iyọ̀ ti ìgò méjì sí i, mo tún fọwọ́ bù kún un. Ọmọ náà ń yíjú kúrò. Mo dí i nímú, mo rọ ọ́ yó. Ìkà ni mí! Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń nawọ́ sí ife, mo gbé ife sá. Nígbà tó ṣe, gìrì mú un. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló kú sí lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì wá kí wa. Ó bi mí pé, "Màmá, ìgò wo lẹ fi wọn omi?" Ìgò míńírà wà lábẹ́ ìborùn mi. Mo ní, "Ẹ bi ìyá ọmọ, òun ló pò ó." Màsúdát sunkún, ó ní, "Bóyá ọwọ́ mi ló ṣì í."

Àlàbí, o lé e lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Malete. Nígbà tó padà, gbogbo ọmọ tó bí, ẹ ò jẹ́ kó po nǹkan kan fún wọn. Èmi lẹ ń gbé wọn fún. Mo sì ń gbà wọ́n! Ojú ò tì mí.

Ní báyìí, èmi gan-an ni ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú. Láàárọ̀ yìí, Màsúdát fẹ́ po omi oníyọ̀ fún mi, ó to omi ìgò míńírà méjì síwájú mi, ó ń dà wọ́n sínú kẹ́tùrù níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó ti mọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń wọ̀n ọ́n lójú mi. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé mo mọ̀ ọ́n wọ̀n."

Ó mọ̀ ọ́n wọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn náà, ó wọ̀n ọ́n dáadáa. Èmi ni mo pa Bàrákátù, Àlàbí, kì í ṣe ìyàwó rẹ. Màsúdát, foríjì mí. Omi tó kù nínú ife yẹn, bí o kò bá fẹ́ fún mi mọ́, dà á nù.